Okùn àwọ̀n, okùn kànga

Parakou, Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Láti ìgbà tí ara Màámà ti ń yá, ẹja òkun tí kò tíì rí yìnyín ló ń wù ú jẹ. Mo pe Ràfíátù ní Grand-Popo, kí ó júwe ibi tí a ó ti jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní ká tètè dé etí òkun láàárọ̀, ká bá àwọn apẹja fa okùn àwọ̀n. Ẹni tó bá bá wọn fà á, wọ́n á fún un lẹ́ja.

Mo ní, "Màámà ò lè fa nǹkan kan."

Màámà gbọ́. Ó yẹ kí n ti pa ẹnu mi mọ́.

Nírọ̀lẹ́ yìí, ó gba okùn kànga lọ́wọ́ mi. Garawa náà gòkè díẹ̀díẹ̀. Ìdajì omi ló kù nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gòkè.