Wọ́n Ní Kí N Kúnlẹ̀ Bẹ Ẹni Tó Fún Ọmọ Mi Ní Wàrà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Inú ló ń bí mi tí mo fi kọ̀wé.

Ètè ọmọ mi, ọmọ oṣù mẹ́rin, là láti inú oyún. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ rẹ̀, nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ mu ohunkóhun. Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, mo lọ tọwọ́ bọ̀wé iṣẹ́ abẹ náà. Nígbà tí mo padà dé, mo rí ìgò wàrà lábẹ́ ìborùn rẹ̀.

“Àǹtí, ṣé ẹ fún un ní nǹkan ni?”

“Èmi kẹ̀? Rárá o!”

Mo figbe ta, mo pe nọ́ọ̀sì. Dókítà ní ká ní àwọn ti fún un lóògùn oorun ni, wàrà yẹn lè padà sókè, kó wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kó sì pa á. Wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà sí ọ̀sẹ̀ kejì. Ọpẹ́ ni pé ó yọrí sí rere.

Ṣùgbọ́n ọkọ mi ní mo dójú ti ẹ̀gbọ́n òun láàárín wọ́ọ̀dù, pé kí n lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Èmi tí Àǹtí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa lọ́mọ! Kò tíì sẹ́ni tó bi Àǹtí léèrè ìdí tó fi purọ́. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ ń gbọ́ ètò yìí, ẹ bá mi dá sí i: ta ló yẹ kó kúnlẹ̀?