Wọ́n Ní Jíìpù Mi Ń Rùn

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Jíìpù ti lọ. Mo ti fi pààrọ̀ mọ́tò kékeré kan ní Fádèyí, mo sì fi owó díẹ̀ lé e. Epo tó ń mu ti sú mi.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń ta mọ́tò yẹn! Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ọṣẹ àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ inú jíìpù náà. Ó ṣílẹ̀kùn, ó jókòó, kíá ló tún bọ́ sílẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ má bínú o. Kí lẹ fi mọ́tò yìí ń kó?"

"Ẹja yíyan ni mò ń tà n'Ílàjẹ. Ṣùgbọ́n kò rùn."

"Mọ́mì, ó ń rùn."

Ó pe mẹkáníìkì rẹ̀. Ìyẹn ò tiẹ̀ tíì dé ọ̀dọ̀ wa tó ti fọwọ́ bo imú. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ mi padà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wa jíìpù yẹn, mi ò gbóòórùn kankan rí! Mo sọ fún wọn pé imú wọn ni kò dáa.

Síbẹ̀, wọ́n gba jíìpù náà, orin ni mo sì ń kọ bọ̀ wálé. Abẹ́rẹ́ tó ń fi bí epo ṣe kù sí hàn nínú mọ́tò tuntun ò tiẹ̀ mira.

Ọkọ mi jáde wá kí mi kú oríire. Ó wọ inú mọ́tò, ó jókòó tì mí, ó fa imú.

"Ìyá Tọ́lá, o ti kó ẹja sínú eléyìí náà?"

Ẹja kankan ò tíì wọ inú ẹ̀. Èmi nìkan ni.