Irin yín tó wà nínú ìbọn mi

Flanders, oṣù kẹwàá, 1917

Bàbá Leberecht, àbúrò bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Mo kí ìyá mi, mo kí Ottilie ìyàwó mi, mo kí ẹ̀yin náà àti ẹsẹ̀ yín tí ogun bà jẹ́. Ikọ́ mi ti ń lọ sílẹ̀. Sọ́séèjì tí ẹ fi ránṣẹ́ dé, a sì ti jẹ ẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, Bàbá, ẹ má pè é ní àfojúdi.

Nígbà tí mo wá sílé fún ìsinmi, ta ló ní kí ẹ tú ìbọn ìléwọ́ Lúgà mi pọ̀ mọ́ tiyín lórí tábìlì kan? Mo ní, "Bàbá, ẹ rọra, irin wọn á dàpọ̀."

Ẹ ní, "Gbẹ́nu ẹ dákẹ́! Mo ti ń yìnbọn kí o tó já lẹ́nu ọmú. Ṣebí Lúgà ni méjèèjì?"

Lúgà ni wọ́n lóòótọ́! Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni wọ́n fi ń fá irin ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè bá ìbọn tirẹ̀ nìkan mu. Kí lẹ rò pé nọ́ńbà ara wọn wà fún, ẹ̀ṣọ́?

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì já wọ inú kòtò ogun àwa ọmọ ogun Jámánì. Mo yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, ó há. Volkmar ọ̀rẹ́ mi ló bọ́ síwájú mi, ọwọ́ ọ̀tún ló fi gba ọ̀bẹ ẹnu ìbọn wọn. Dókítà ti gé ọwọ́ náà. Nígbà tí mo tú ìbọn mi wò, nọ́ńbà yín ni mo bá nínú rẹ̀.

Irin yín nìyí nínú àpò lẹ́tà yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá tèmi padà. Kí Ọlọ́run wo ẹsẹ̀ yín sàn, kó sì fún ọwọ́ yín ní sùúrù.

Volkmar ní òun náà kí yín. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ yìí. Ẹ fara balẹ̀ kà á, ọwọ́ òsì ò tíì mọ́ ọn lára.

Ọmọ yín,
Gernot

Volkmar