Ìwé Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Ọmọ Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé òtútù ibẹ̀ ò pọ̀ jù? Bá mi kí ọkọ rẹ, kó o sì bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, mo ní ẹ kú ìtọ́jú ara yín. Ikọ́ bàbá rẹ ti lọ, ariwo rẹ̀ ló kù. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n mo rán yunifọ́ọ̀mù mẹ́rin lọ́sẹ̀ yìí.

Ọmọ rẹ ti ka ìwé tí o fi ránṣẹ́ tán, èyí tí ìyá àgbà inú rẹ̀ ń gbàgbé nǹkan, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá ń kọ orúkọ nǹkan sára nǹkan. Ló bá sọ ilé wa di ilé ìwé. Ó lẹ bébà mọ́ agolo iyọ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Bàbá rẹ ní kó má wá lẹ òun mọ́ àga o!

Mo bi í pé, "Ta ló sọ fún ọ pé èmi náà ń gbàgbé?"

Ó kàn ń lẹ bébà rẹ̀ lọ. Lánàá, ó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí bébà, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ọmọ mi. Má sọ fún bàbá rẹ. Láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ pè é wá jẹun. Orúkọ tí èmi fúnra mi sọ ọ́ kò wá sí mi lẹ́nu. Bébà àyà rẹ̀ ni mo kà kí n tó pè é.

Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Jọ̀ọ́, má fi ìwé míì ránṣẹ́. Ìwọ gan-an ni kó o máa bọ̀, nígbà tí mo ṣì lè pè ọ́ láìwo bébà.

Ìyá rẹ