Kì Í Ṣe Ẹ̀mí Ló Ń Fa Ojú Ọmọ Mi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ kú òòrùn Ìlọrà. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà ní Kánádà níhìn-ín. Mo kí àbúrò mi Àlàbá, mo kí gbogbo ará ilé. Mo ní kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn kí àwọn ará ìjọ yín náà lè kà á, nítorí ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ti èmi àti ẹ̀yin nìkan. Inú ń bí mi, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé mò ń rí yín fín. Inú ló ń bí mi.

Yìnyín ti bo ẹnu ọ̀nà wa. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́, mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóúnjẹ, bí mo bá sì délé, kò sẹ́ni tí yóò kí mi kú àbọ̀. Fídíò ọmọ mi Tèmítọ́pẹ́ tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ ni mo fi ń pa ìdánìkanwà rẹ́. Ẹ tún fi ọ̀kan ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín yín níbẹ̀.

Mo rí ọmọ mi nínú aṣọ funfun níwájú pẹpẹ. Ẹ̀gbẹ́ ìlù gan-an ni wọ́n gbé e jókòó sí. Bí agogo bá ti dún, ojú ọ̀tún rẹ̀ á dì pinpin, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ á fà sápá kan, ìjọ á pariwo halelúyà. Ẹ ní ẹ̀mí ń gùn ún. Ẹ ní wòlíì ti fi í ṣe aríran, àwọn èèyàn ń gun ọ̀kadà wá láti Akínmọ̀ọ́rìn àti Fìdítì kí ó lè gbọ́wọ́ lé wọn lórí. Ọmọ tó ṣì ń sunkún bí ẹ bá ń dì í nírun!

Màámi, ẹ̀mí wo? Kí ló dé tí ẹ̀mí yìí kì í gùn ún bí ẹ bá ń gbàdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àfi bí agogo bá dún? Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé ó gùn ún lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ lọ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀mí tún ń bá yín ṣe gàrí ni?

Ẹ mọ̀ pé àìsàn ló di etí Tèmítọ́pẹ́ pa nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ẹ sì mọ̀ pé torí owó iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún un n'Íbàdàn ni mo ṣe wà nínú òtútù yìí. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n gbìn sínú etí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi sẹ́yìn etí ló ń gba ohùn, tó ń sọ ọ́ di iná kékeré fún wáyà náà. Bí ariwo bá ti pọ̀ tó ni iná náà ń le tó. Iṣan tó ń mú ojú ṣiṣẹ́ sì kọjá nítòsí ibẹ̀, bí iná bá ta sí i, ojú á fà. Gbogbo ẹ̀ náà nìyẹn o!

Obìnrin tó ń tún ẹ̀rọ náà ṣe n'Íbàdàn ló là á yé mi nígbà tí mo pè é. Ó ní òun ti sọ ọ́ lójú yín pé bí ojú ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fà, kí ẹ tètè gbé e wá. Ó ní òun á so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, òun á wá ibi tó ń yọ iṣan lẹ́nu, òun á dín iná ibẹ̀ kù tàbí kí òun pa ibẹ̀ nìkan, kí ìyókù máa ṣiṣẹ́. Kò sí ọ̀bẹ, kò sí abẹ́rẹ́. Ó lè gbà pé kí ẹ padà wá kí wọ́n tún un wò, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá kan níbi iṣẹ́ mi ní irú ẹ̀rọ yìí. Ojú tiẹ̀ náà fà, wọ́n tún un ṣe, ó padà dé, ó ní kí n po tíì fún òun.

Mo sọ èyí fún yín lórí fóònù, ẹ ní ìlú òyìnbó ti ba ìgbàgbọ́ mi jẹ́. Ẹ gbé fóònù fún wòlíì, òun náà ní kí n má pa iná ẹ̀mí. Háà! Kí wọ́n so wáyà mọ́ òun náà lójú ná, ká wá gbọ́ ìran tí yóò rí. Ọlọ́run tí ẹ fi kọ́ mi n'Ìlọrà kì í fi ìrora ọmọdé ṣe àmì.

Ohun tó wá mú mi kọ̀wé nìyí. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ sọ́jà, Tèmítọ́pẹ́ fi fóònù Àlàbá pè mí lórí fídíò. Ó ti yọ ẹ̀rọ náà kúrò lẹ́yìn etí. Ó fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ fún mi pé ó ń ta òun lójú bí ata. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún Màmá Àgbà. Ó ní kí n má sọ fún yín o, pé ìgbà tí ojú òun bá ń fà nìkan lẹ máa ń gbá òun mọ́ra lójú gbogbo èèyàn. Màámi, ọmọ yẹn ń fara da iná kí ẹ lè dì mọ́ ọn. Mo sunkún débi pé mo pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀. Àlàbá ti ní òun á wà yín dé Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a lọ. Ọlọ́run á fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà, ẹ ó jèrè gbogbo wa. Ẹ bá mi kí àwọn aládùúgbò, ẹ bá mi kí ìjọ, wòlíì náà, mo kí wọn.

Kí ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ jókòó ti Tèmítọ́pẹ́ níbi tí kò sí ariwo. Bí ẹ bá ti rí i pé ojú rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, kò fà rárá, ẹ gbá a mọ́ra.

Èmi ni,
ọmọ yín, Ìyá Tèmítọ́pẹ́.