Fíltà, Ewúrẹ́ Mẹ́ta àti Òṣùká Ojú Ọ̀run

Ọjọ́ Ẹtì, 24 Ṣẹ́rẹ́ 2025
Èmi àti Akínkúnmi, tá a jọ ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní físíìsì, tún jà — ìjà ẹnu. Ó ní tí mo bá fẹ́ rí Rósẹ́ẹ̀tì, àfi kí n ra awò tó ju Gìrìpá lọ. Gìrìpá — awò ìwo-ìràwọ̀ mi, dígí ínṣì mẹ́jọ, ó wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì. Rósẹ́ẹ̀tì — ìkùukùu kan tó ń tàn fírífírí láàrin ìràwọ̀. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń wá a. Mo ní dígí ńlá á kó ìmọ́lẹ̀ ìkùukùu, á sì kó ti iná ọgbà yunifásítì mọ́ ọn. Fíltà ni mo fẹ́, dígí pẹlẹbẹ tí wọ́n ń dè mọ́ awò láti sé ìmọ́lẹ̀ tí a ò fẹ́. Oríṣi méjì ló wà: ọ̀kan lawọ́ díẹ̀; èkejì, ìwọ̀nba àwọ̀ tí ìkùukùu fúnra rẹ̀ ń tàn ló ń jẹ́ kó kọjá. Èkejì ni mo yàn. Mo sọ ọ́ ní Ahun.

Ọjọ́ Ajé, 17 Èrèlé
Ahun dé! Kò ju ìdérí ìgò lọ.

Ọjọ́bọ̀, 20 Èrèlé
Mo gbé Gìrìpá lọ sóko Alájì Sàídì ní Alajue. Kò síná ìgboro níbẹ̀. Àmọ́ gílóòbù funfun kan ń tàn gbòò lẹ́nu ilé ewúrẹ́ wọn. Ahun gan-an ò rí nǹkan ṣe sí irú ìmọ́lẹ̀ yẹn. Mo bẹ Alájì kí wọ́n pa á fún wákàtí kan.
“Olùkọ́, wọ́n jí ewúrẹ́ méjì gbé lọ́dún tó kọjá,” ni wọ́n wí. “Iná yẹn ò ní kú.”
Mo palẹ̀ ẹrù mọ́. Rósẹ́ẹ̀tì — òdo.

Àbámẹ́ta, 22 Èrèlé
Ìyá Azeemah, ìyàwó Alájì, pè mí: Alájì ti lọ sùn sí Sẹ̀kọ́nà, kí n máa bọ̀. Agogo mẹ́jọ, wọ́n pa iná. Mo de Ahun mọ́ awò. N kò wò ó tààrà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wò, torí ẹ̀gbẹ́ ojú ló ń rí ohun tí kò mọ́lẹ̀ púpọ̀ — ó yọ! Roboto, ihò láàrin. Mo pariwo! Ìyá Azeemah náà wò ó.
“Òṣùká rèé! Ta ló fi èéfín ká òṣùká sójú ọ̀run?”
Ó tán. Òṣùká lorúkọ rẹ̀ láti òní lọ.
Wọ́n fẹ́ wọlé lọ kírun. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, èmi á tan iná bí mo bá ń lọ. Orin ni mo kọ délé.

Àìkú, 23 Èrèlé
Wọ́n jí ewúrẹ́ mẹ́ta gbé. N kò tan iná.

Ọjọ́ Ajé, 24 Èrèlé
Alájì rò pé ìyàwó àwọn ló gbàgbé iná. Wọ́n bú u lójú àwọn aládùúgbò. Ìyá Azeemah ò dárúkọ mi! Mo pè wọ́n. “Ẹ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀, olùkọ́. Ó ti tán.” Akínkúnmi ní: “Ṣé ẹnikẹ́ni bi ẹ́ ni?”

Ìṣẹ́gun, 25 Èrèlé
Gìrìpá ṣì wà ní bùútù mọ́tò láti Sátidé. N kò fẹ́ rí i.

Ọjọ́rú, 26 Èrèlé
Mo lọ bá Alájì lẹ́yìn iṣẹ́. Mo kúnlẹ̀. Mo ní tìtorí mi ni Ìyá Azeemah ṣe pa iná, èmi ni mo ní n ó tàn án, èmi ni mo gbàgbé. Mo ní n ó ra ewúrẹ́ mìíràn. Wọ́n ní ó di dandan.
Lẹ́yìn náà wọ́n pe ìyàwó wọn.
“Sìmbíátù, inú ń bí mi pé o pa iná lẹ́yìn mi. Ṣùgbọ́n mo bú ọ lójú ayé, n kò tiẹ̀ bi ọ́ léèrè. Má bínú.”
Ilẹ̀ ti ṣú.
“Ṣé o ṣì fẹ́ wo nǹkan yẹn?” ni Alájì bi í.
Ìyá Azeemah mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.
Alájì mú àdá, wọ́n pa iná fúnra wọn, wọ́n jókòó sẹ́nu ilé ewúrẹ́ nínú òkùnkùn. Mo sáré gbé Gìrìpá kalẹ̀. Ìyá Azeemah fi ojú lé e, wọn ò sì gbé e kúrò. Ó pẹ́. Ara ń ni mí, mo ní ó ti tó bẹ́ẹ̀, kí Alájì lè tan iná padà.
“Ẹ fi í sílẹ̀,” ni Alájì wí láti ibi tí wọ́n wà. “Kó wò ó tẹ́rùn.”