Ilẹ̀kùn Tí Kò Lọ́wọ́ Lóde

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n sọ fún ọ pé òun kò sunkún, bẹ́ẹ̀ n kò bi í. Bí ọwọ́ ìwé mi bá wọ́, fojú fò ó; kíláàsì kejì ni mo dé tí mo fi di ọ̀gá káfíńtà tí àwọn tó kàwé tán ń dọ̀bálẹ̀ fún.

Ilé ìwòsàn ni mo ti ń kọ ọ́. Má fòyà. Ikùn olówó tí mo ti ń retí látìgbà èwe ló dé lójijì, sòkòtò kankan ò gbà mí mọ́, ojú mi náà sì pọ́n rúsúrúsú bíi wúrà. Wọ́n da nǹkan tútù sí mi níkùn, wọ́n ń ti ẹ̀rọ kékeré kan kiri lórí rẹ̀ bí ẹni ń fá pákó, wọ́n sì ya fọ́tò inú mi. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ọ̀kan kí n gbé e kọ́ ògiri pálọ̀. Dókítà tó ń tọ́jú wa, obìnrin, ọmọdé bíi tìẹ, ní ẹ̀dọ̀ mi ló bàjẹ́. Mo ní kó tún un wò, láti kékeré ni mo ti fẹ̀dọ̀ lé orí òróǹro, ẹ̀dọ̀ tó jókòó jẹ́ẹ́ kì í bàjẹ́. Kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀dọ̀ ló gbé gbogbo àwa ọkùnrin mẹ́sàn-án inú yàrá yìí wá. Dókítà yìí ń kọ ọ̀rọ̀ wa sínú ìwé ńlá kan. Mo gbọ́ tó ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé àwọn tí ojú wọn pọ́n, tí omi sì kún ikùn wọn, ni wọ́n ń tètè lọ. Inú mi dùn. Ta lojú ẹ̀ pọ́n tó tèmi? N ò ṣe ipò kejì rí.

Òótọ́ ló sì sọ. Lọ́sẹ̀ yìí nìkan, mẹ́ta ti lọ, títí kan aránṣọ ẹ̀gbẹ́ mi tó ṣèlérí láti bá mi tú sòkòtò mi fẹ̀. Wọ́n fi aṣọ funfun bò wọ́n látorí délẹ̀ kí oòrùn má baà pa wọ́n. Ayọ̀ ilé ò jẹ́ kí wọ́n rántí bàtà. Mo ti kó o sábẹ́ ibùsùn mi, mò ń bá wọn pa á mọ́.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé wọn gbà. Ọmọ mi, èmi ni mo kàn án, kó o tó dáyé! Ó fẹ̀ ju ibùsùn lọ, kì í dún. Ọ̀gá wọn ìgbà náà ní kí n má fi ọwọ́ tí wọ́n fi ń ṣílẹ̀kùn sí i lóde, pé ẹni tó bá gba ibẹ̀ jáde kì í padà wá. Mo ní ilé ìwòsàn tó mọṣẹ́ nìyẹn. Lónìí ni wọ́n sún ibùsùn mi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Dókítà bi mí bóyá ẹlòmíì nínú ìdílé nírú ikùn yìí. Mo fi yangàn, mo ní bàbá mi ní i, àbúrò mi náà ní i kí wọ́n tó kú, ikùn ìdílé wa ni. Ó dáwọ́ ìwé dúró. Ó ní kó o tètè wá kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, bó ti wù kí ara rẹ le tó. Mo rò pé ó fẹ́ kọ orúkọ ìwọ náà sínú ìwé ńlá ni.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra epo sí irin tó gbé ilẹ̀kùn mi ró. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ tó ń ké, bẹ́ẹ̀ ẹnì kankan ò ṣí i.

Ọlọ́run á jẹ́ kó o dàgbà jù mí lọ. Ilẹ̀kùn tó o bá gbà jáde, wàá gbà á wọlé padà.

Èmi ni bàbá rẹ, ọ̀gá káfíńtà. Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: sòkòtò tìẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń gbà ọ́?